Ìmísí Láti Inú Ohun Ojoojúmọ́: Bátànì Àdìrẹ àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì sọ fún rí pé: ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí ohun tí n óò yà.’ Ìmísí ni irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìmísí kì í ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀nà tí ojú ń gbà wo ohun tí ó wà nítòsí ni. Bátànì àdìrẹ ni a ó fi ṣe ẹ̀rí.

Ohun kan ni ó ta wá jí. Ní àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a bẹ kíláàsì kan wò ní agbègbè Ìbàfò. Olùkọ́-akọ́ṣẹ́ tí ń kọ́ni lẹ àwòrán èso ápù mọ́ ojú pátákó, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ. Lẹ́yìn fèrèsé gan-an, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń sá búlọ́ọ̀kù tútù sóòrùn ní ìlà-ìlà, ihò méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mélòó kan ń yọjú wò wọ́n. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọjú síwájú. Kí a má tan ara wa, máàkì tí ó jọjú ni a fún olùkọ́ náà, nítorí pé àwòrán àwọn ọmọ mọ́ tónítóní. Àwa tí a wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò pàápàá kò wo ìta.

Ẹ̀rí Inú Orúkọ

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lókìkí fún, kò nira láti ṣàlàyé. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya bátànì sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọn a rẹ aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró, bátànì yóò sì hàn bí wọ́n bá ti ha ẹ̀kọ kúrò. Àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù ní tiwọn.

Orúkọ àwọn bátànì wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó jẹ olùkọ́ lógún. Oṣù bàm̀bà, tí a fi ìko dì, òṣùpá rogodo ni. Ewé ẹ̀gẹ́, inú oko ni ó ti wá. Nínú Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà, wọ́n sì fi ṣíbí sí àárín àwọn òpó náà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Ilé tuntun ayé àwọn amúnisìn ni. Ṣíbí ní tirẹ̀ kò kúrò nídìí oúnjẹ. Lójú tiwa, ẹni tí ó kọ́kọ́ tò wọ́n pọ̀ kò béèrè èwo ni ti ìbílẹ̀. Ó rí i pé àwọn méjèèjì gùn, wọ́n sì ṣe é tò ní ìlà. Ní 1935 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sórí àdìrẹ. Ẹni tí ó bá ní àdìrẹ kì í yí padà kò tíì wo aṣọ náà dáadáa.

Ẹ kíyè sí i pé àdàkọ kọ́ ni. Ṣíbí orí aṣọ kò ní òjìji, kò sì dán. Wọ́n mú ìrísí rẹ̀ nìkan, wọ́n sì tún un yà léraléra.

Àríyànjiyàn Àtijọ́

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde (1882–1963), wà lára àwọn tí ó jà fún ẹ̀kọ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Òfin àwòrán bí wọ́n ti ń ṣe é ní Yúróòpù ni ó ń kọ́ni. Kenneth Murray, tí ó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ìgbésí ayé tirẹ̀. Ó rọrùn láti gbè sẹ́yìn Murray. Ṣùgbọ́n àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí Onabolu yà ní 1906, ojú obìnrin ìgbà ayé rẹ̀ ni, kì í ṣe ápù ilẹ̀ òkèèrè.

Ní Agbègbè Wa

Ní Mowé, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ táyà a máa fi bátànì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, irin fèrèsé a sì tò lọ bẹẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Ní Ìfọ̀, ojú irin ọkọ̀ wà, asẹ́ gàrí àti ẹní sì wà lọ́jà. Ohun tí a dá lábàá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ohun kan lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré, ìlà nìkan, láìsí òjìji, kí ó sì kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, kí ó mú ẹyọ kan, kí ó gé e sára páálí, kí ó sì tò ó sórí aṣọ. Bí aró bá ṣòro rí, ọ̀dà lásán tó.

Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, a dán èyí wò pẹ̀lú àwọn olùkọ́-akọ́ṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn mú ihò búlọ́ọ̀kù wá, ó sì pe bátànì rẹ̀ ní ‘Ilé ń bọ̀’. Ìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. A fún un ní máàkì tí ó ju ti ápù lọ, ẹlẹgbẹ́ wa kan sì ń bá wa jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní.