Kí ló dé tí àgbọ̀nrín fi di ewu fún awakọ̀ àti onílé l'Amẹ́ríkà?

Tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé l'Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń gbọ́ kì í ṣe nípa yìnyín nìkan. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́.

Ìṣirò ilé iṣẹ́ adójútòfò State Farm fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ìgbà lọ́dún tí ọkọ̀ ń kọlu ẹranko níbẹ̀, àgbọ̀nrín ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bíi 200 èèyàn ló ń bá irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Maryland àti New Jersey, níbi tí àgbọ̀nrín ti ń rìn gba iwájú ilé kọjá.

Ta ló jẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó báyìí?

Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn ọdẹ ti pa àgbọ̀nrín débi pé èyí tó ṣẹ́kù kò ju nǹkan bíi 500,000 lọ. Ìjọba wá ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ máa pa wọ́n tà mọ́. Lónìí, wọ́n ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.

Òfin nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn èèyàn ti pa ìkookò tó ń jẹ àgbọ̀nrín run ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ilé wọnú igbó, wọ́n gbin òdòdó àti ewébẹ̀ yí i ká. Oúnjẹ dé, ọ̀tá lọ, abo àgbọ̀nrín sì sábà máa ń bí ìbejì.

Àìsàn nínú ọgbà

Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń jẹ ọgbà run, eégbọn wà lára wọn. Ara èkúté ni eégbọn ti sábà ń kó kòkòrò àìsàn Lyme, àmọ́ ara àgbọ̀nrín ló ti ń mu ẹ̀jẹ̀ yó kó tó yé ẹyin. Àjọ CDC ní nǹkan bíi 476,000 èèyàn ló ń gba ìtọ́jú àìsàn náà lọ́dọọdún.

Ṣé wọn kì í pa á jẹ ni?

Wọ́n ń pa á, àmọ́ ó ní àsìkò, ó sì ní ìwé àṣẹ. Ọdẹ kò gbọdọ̀ ta ẹran rẹ̀. Láàárín ìlú, ìbọn ò ṣeé yìn. Ìdí nìyí tí ìlú New York fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn akọ àgbọ̀nrín ní Staten Island lọ́dún 2016, kí wọ́n má lè fún abo lóyún mọ́.

Kí ni awakọ̀ lè ṣe?

• Ẹ dín eré kù ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́, pàápàá láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá.

• Tí ẹyọ kan bá sọdá, ẹ dúró díẹ̀. Òmíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀.

• Ẹ de bẹ́líìtì yín.

• Tó bá já lu títì lójijì, ẹ tẹ bíréèkì, àmọ́ ẹ má ṣe yà fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà, igi tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú tí awakọ̀ yà lọ kọlù ló ń pa á, kì í ṣe àgbọ̀nrín.