Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tan: Ẹ Wo Ibi Tó Dúró Sí Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sápò

Ẹ̀yin ará ilé ní Woolwich, ní Thamesmead, ní Plumstead àti ní Abbey Wood, lójú ewé òwò tọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé la fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí kò jí, tàbí tó jí dé ìdajì tó tún sùn padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan òwò nínú èyí. Ó kàn án gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ọ́fíìsì mìíràn ju tábìlì ìjẹun lọ. Ibẹ̀ ni ìyá tó ń se oúnjẹ àríyá ti ń kọ ìwé owó fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó ti ń kọ orúkọ ẹni tó ti sanwó àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn. Ọ̀gànjọ́ òru 31 January ni gbèdéke fífi ìwé owó-orí Self Assessment ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tan ní ọjọ́ tó ṣáájú, tí ìwé náà sì pẹ́, £100 ni HMRC máa kọ́kọ́ bù léni lórí, kódà bí a kò bá jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ohun kan la fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ṣeé rà. Àkọsílẹ̀ òwò ọdún mẹ́rin kò ṣeé rà, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ìsìnkú màmá wa kò ṣeé rà. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye tí wọ́n máa fi tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó dúró sí, kí a sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa ṣì wà nínú rẹ̀.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE Ń JÍ

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà máa ń gbà jí. Èkíní, iná mànàmáná á wọlé: iná kékeré á tàn, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èkejì, ẹ̀rọ á yẹ ara rẹ̀ wò, á wo ràmù, á wo kíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà lógò ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á hàn. Ẹ̀kẹta, á wá dísìkì tí Windows wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, Windows fúnra rẹ̀ á dìde, á sì béèrè páswọ́ọ̀dù. Ibi tó bá ti dúró nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín gé gbogbo ọwọ́.

1. BÍ KÒ BÁ SÍ INÁ RÁRÁ

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, kí ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí a ń lò nílẹ̀ yìí kì í gbé ju amp 13 lọ, ìyẹn bíi wáàtì 3,000. Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí fìrísà, kẹ́tùlù àti kọ̀ǹpútà bá jọ wà lórí ọ̀kan ṣoṣo, fíùsì lè ti jó. Ẹ ki iná orí tábìlì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí òun náà kò bá tàn, ẹjọ́ kọ̀ǹpútà kọ́. Ẹ rántí pé fíùsì tún wà nínú púlọ́ọ̀gù fúnra rẹ̀. Iye amp tí wọ́n kọ sára èyí tó jó ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi 13 rọ́pò 3.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ṣájà nìkan padà, kí ẹ tún tan án. Iná tó há sínú ẹ̀rọ ni èyí ń lé jáde, ó sì ti jí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pè ní òkú. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ wo bọ́tìnnì kékeré tó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wáyà iná ti wọlé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lè ti fọwọ́ kàn án.

Nígbà òtútù, láptọ́ọ̀pù tó sùn sínú búùtù ọkọ̀ mọ́jú lè fa omi sínú bí ìrì nígbà tó bá wọ yàrá tó móoru. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí bíi méjì kí ẹ tó tan án.

Ìkìlọ̀ méjì rèé. Bátìrì tó bá wú, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má sì gún un. Ó lè gbiná. Àpótí iná inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ má ṣí i. Iná máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

2. INÁ TÀN, ṢÙGBỌ́N OJÚ RẸ̀ DÚDÚ

Ẹ fi wáyà HDMI so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ohun tó yẹ kó hàn bá hàn níbẹ̀, ojú láptọ́ọ̀pù nìkan ló ní àrùn. Iṣẹ́ yín wà ní àlàáfíà, ẹ sì lè máa fi tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́ títí tí ẹ ó fi rówó tún ojú rẹ̀ ṣe. Bí kò bá sí HDMI, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú náà ló kú.

Bí ó bá ń ké "píì, píì", ẹ ka iye ìgbà tó ké kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè ni, ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ràmù tó yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó máa ń fà á. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè pa á, kó yọ wáyà iná, kó fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀, kó wá yọ ràmù kó sì tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa.

3. Ó NÍ ÒUN KÒ RÍ DÍSÌKÌ

Bí ẹ bá rí "No bootable device" tàbí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lára: USB, káàdì kámẹ́rà, síídì. Ó lè jẹ́ pé inú wọn ni kọ̀ǹpútà ti ń wá Windows.

Bí ó bá ṣì ń sọ ọ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ "kà, kà, kà" nínú rẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ má sì tan án mọ́. Dísìkì tó ń kú ló ń ké bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún tan án, a lè máa ba àkọsílẹ̀ wa jẹ́ sí i. Dísìkì irú SSD kì í ké ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ máa ní kí alátùn-ún-ṣe ṣe ni pé kó yọ dísìkì náà, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì da fáìlì yín kọ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

4. WINDOWS DÚRÓ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Lógò hàn, àmì róbótó ń yí, kò sì wọlé. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ kọ̀ǹpútà tó dára nù. Ẹ rántí 19 July 2024, nígbà tí fáìlì kan tó ní àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft fojú bù sí mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn GP ní England kò sì rí ìwé àwọn aláìsàn ṣí. Ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́. Wọ́n tan ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Safe Mode lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pa fáìlì náà rẹ́, wọ́n sì jí. Ẹ̀yin tó ti wà níbí láti 2003 náà á rántí kòkòrò Blaster ti August ọdún náà, tó ń pa kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́ nígbà yẹn náà.

Bí Windows 10 tàbí 11 bá gbìyànjú láti jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò ṣeé ṣe, ó máa ń gbé ojú ewé àtúnṣe jáde. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì la fi sílẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe rí wọn. Ẹ tẹ "Troubleshoot", lẹ́yìn náà "Advanced options". Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú "Startup Repair". Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn àfikún tuntun ló bẹ̀rẹ̀, ẹ lo "Uninstall Updates". "System Restore" ló tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ Safe Mode, ẹ tẹ "Startup Settings", "Restart", kí ẹ wá tẹ 4. Bó bá wọlé síbẹ̀, ẹ yára da iṣẹ́ yín kọ sórí USB kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

"Reset this PC" ni kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá yan "Keep my files", fáìlì yín á kù, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí ẹ fi sínú rẹ̀ á lọ. Bí ẹ bá yan "Remove everything", gbogbo rẹ̀ á lọ.

Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, nọ́ńbà 48. Ẹ má bẹ̀rù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, ní aka.ms/myrecoverykey. Ẹ lè fi fóònù wò ó, tàbí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé Woolwich Centre ní Wellington Street. Ẹ rí i pé ẹ jáde nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde níbẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ DI TI ALÁTÙN-ÚN-ṢE

Ìsọ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò wọ́n ládùúgbò wa. Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Èló ni yíyẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ẹ ó pè mí kí ẹ tó ná jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ẹ ó nu ohun tó wà nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì pé wọn kò gbọ́dọ̀ nù ún láìgba àṣẹ yín. Fún alátùn-ún-ṣe mìíràn, nínu gbogbo rẹ̀ nù ni iṣẹ́ tó yá jù; fún ẹni tó ni ín, ọdún mẹ́rin lè lọ ní ọ̀sán kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Windows 10 tó "parí" ló pa kọ̀ǹpútà yín, ẹ má gbà. Lóòótọ́, 14 October 2025 ni ìrànwọ́ Microsoft fún un dópin, ààbò rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kó má tan.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Lábẹ́ Consumer Rights Act 2015, bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà fún ìlò ilé lọ́wọ́ oníṣòwò, ìbáà ṣe tuntun tàbí àlòkù, ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá èyí tó lábùkù padà kí ẹ sì gba owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti pé títí oṣù mẹ́fà á fi pé, olùtajà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò lábùkù nígbà tó tà á. Èyí tí ẹ rà fún òwò nìkan kò sí lábẹ́ òfin yìí. Bí ẹ bá fi káàdì kírédíìtì ra ohun tó ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ káàdì náà. Citizens Advice wà fún ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ lórí 0808 223 1133.

Ẹni tó bá sì pè yín lórí fóònù pé Microsoft lòun, kọ̀ǹpútà yín ní kòkòrò, olè ni. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ nọ́ńbà káàdì fún un, ẹ pe 159 kí wọ́n so yín mọ́ báńkì yín.

BÍ Ó BÁ KÚ PÁTÁPÁTÁ

Ẹ má jù ú sínú kọ̀ntéénà tó ń lọ sí Èkó pé wọ́n á tún un ṣe ní Computer Village ní Ikeja. Kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ ni a lè fi ránṣẹ́. Èyí tó ti kú, ìdọ̀tí ni òfin kà á sí, ó sì lè kó oníkọ̀ntéénà sí wàhálà. Ẹ yọ dísìkì rẹ̀ pa mọ́, kí àwọn tó ń gbé ní Greenwich gbé ìyókù lọ sí ibùdó àtúnlò ní Nathan Way, Thamesmead.

KÍ Ó TÓ ṢẸLẸ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín méjì yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan lórí dísìkì tí ẹ yọ pa mọ́, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú dára fún un. Ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín sórí ìwé lónìí, kí ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú páṣípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ṣe èyí, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú ní 30 January, á yá ti ọmọ rẹ̀ lò, á sì fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, a kò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù. Ire o.