Èkúté Tí Ó Bá Ọkọ̀ Ojú Omi Dé Èkó

  Ẹ̀yin ará wa ní Gariki, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ilé gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ èkúté ni.

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ibà líle a mú ènìyàn, kókó a wú sí i ní abíyá tàbí níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ikú ti dé. Àrùn náà kò ṣẹ̀ ní Èkó. Láti Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti rìn dé Hong Kong ní 1894. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé Bombay ní 1896, ó sì dé Àkrá ní 1908.

Ta ni ó ń gbé e kiri? Dókítà Yersin rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong ní 1894. Ní 1898, Dókítà Simond fi hàn pé kòkòrò kékeré tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú irun èkúté, ni ó ń gbé e. Bí èkúté bá kú, kòkòrò náà a fò mọ́ ènìyàn. Nítorí náà, ibi tí ilé há, tí oúnjẹ wà ní ṣíṣí, ni ó ti jà jù. Èyí ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n sì la Yábàá fún ibùgbé tuntun.

Èéṣe tí a fi ń sọ ọ́ lónìí? Èkúté kò tíì fi wá sílẹ̀. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, kì í ṣe àrùn kan náà, ṣùgbọ́n èkúté ni ó ń gbé òun náà. Ó ti pa ènìyàn ní Ebonyi tí ó bá wa pààlà, ó sì ti pa ènìyàn ní Ọ̀wọ̀ nílé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté lórí oúnjẹ ni ó fi ń ranni.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dé gàrí yín. Ẹ má ṣe sá oúnjẹ sí ẹ̀bá títì. Bí ibà bá mú ọmọ, tí oògùn ibà kò ràn án, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má ṣe dúró de àgbo.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dí ojú ògiri wa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi òkú ránṣẹ́ sílé.