Gíláàsì tí Ìkọlù láti Ojú Sánmà Dá

Tẹ́kítáìtì Côte d'Ivoire
Orísun: kòtò Bosumtwi, Gánà
Ọjọ́ orí: nǹkan bí 1,070,000 ọdún

Ó dúdú, ó sì jọ òkúta odò, ṣùgbọ́n gíláàsì ni. Ènìyàn kọ́ ló rọ ọ́, òkè oníná kọ́ ló sì pọ̀ ọ́ jáde.

Òkúta ńlá kan já láti ojú sánmà, ó sì gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 10.5 nítòsí ibi tí Kumasi wà lónìí. Adágún tó wà nínú kòtò náà jẹ́ ibi mímọ́ fún àwọn Àṣántì. Ooru ìkọlù ọ̀hún yọ́ àpáta ilẹ̀. Èyí tó yọ́ ta sókè, ó tutù, ó sì já sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, ó lé ní 200 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn wóró kéékèèké rẹ̀ tún wà nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì.

Alfred Lacroix, onímọ̀ òkúta ará Faransé, ló kọ̀wé nípa àwọn tẹ́kítáìtì wọ̀nyí ní 1934. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé ọjọ́ orí gíláàsì yìí àti èròjà inú rẹ̀ bá ti Bosumtwi mu.

Nínú agbègbè ńlá mẹ́rin tí a kọ́kọ́ mọ̀ lágbàáyé pé tẹ́kítáìtì, ìyẹn irú gíláàsì ìkọlù yìí, fọ́n ká sí, ti Côte d'Ivoire ló ṣọ̀wọ́n jù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá ṣà á kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀: bí a kò bá mọ ibẹ̀, ìdajì ìtàn rẹ̀ ti sọnù.