Bí Dókítà Ṣe Ń Yan Oògùn fún Ìpayà, Àníyàn àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, tó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bá lọ, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, lè padà délé kí gbogbo ènìyàn máa dúpẹ́ pé orí kó o yọ. Ọpẹ́ yẹ lóòótọ́. Síbẹ̀, oṣù lè gorí oṣù kí ẹni náà má rí oorun sùn, kí àyà rẹ̀ máa já tí ilẹ̀kùn bá kàn gbá, kí oúnjẹ àti iṣẹ́ má wù ú mọ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n lè sọ fún un pé àìsàn mẹ́ta ló jọ ń bá a fínra, àti pé oògùn wà fún wọn. Oògùn wo wá ni? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, kí ẹ lè mọ ohun tí dókítà ń rò, àti ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn dókítà ń pè ní PTSD. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pè é ní ìpayà ẹ̀yìn ìjàǹbá. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn ti gbé e bọ̀ láti ogun Vietnam. Kì í ṣe àìsàn ọmọ ogun nìkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ á máa padà wá sọ́kàn láìpè, lójú oorun tàbí lójú mọmọ. Ẹni náà á máa sá fún ibikíbi tó lè rán an létí. Ara rẹ̀ á wà lójúfò tọ̀sán-tòru. Tó bá ti lé ní oṣù kan, tó sì ń dí iṣẹ́ àti ìgbé ayé lọ́wọ́, ó ti di ohun tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ wò ó bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Lóru ọjọ́ tí olè wọlé, fèrè rẹ̀ ló gba gbogbo yín là. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ológbò bá kọjá, á fọn fèrè. Bí ewé bá já, á fọn ọ́n. Kò sí ẹni tó ń rí oorun sùn mọ́. Apá ibi tó ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, ẹni tó ní in kì í sì í ṣe ojo.

Èkejì ni àníyàn àpọ̀jù: ọkàn kì í balẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ á máa bani lẹ́rù. Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: inú kì í dùn, ohun tó ń wuni tẹ́lẹ̀ kò wuni mọ́, ara á wúwo, ènìyàn á sì máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ìpayà ẹ̀yìn ìjàǹbá ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ́ ọn. Ẹni tí kì í sùn, tí kì í jáde, tí ẹ̀rù ń bà lójoojúmọ́, kò sí bí ayé kò ṣe ní í sú u.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn mẹ́ta á gba oògùn mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo lè ran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, ibẹ̀ ni dókítà sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀. SSRI ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ oògùn náà. A ó máa pè wọ́n ní oògùn sẹrotónìn. Sẹrotónìn jẹ́ èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti fi í jíṣẹ́ tán, á tún fà á padà sínú. Oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kó tètè fà á padà, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá ìyípadà náà mu, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í yá lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Méjì péré ni àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní pàtó fún ìpayà ẹ̀yìn ìjàǹbá: sertraline lọ́dún 1999 àti paroxetine lọ́dún 2001. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì ń mú àníyàn rọlẹ̀. Oògùn kẹta tí àwọn dókítà ń lò fún un ni venlafaxine, tó ń ṣiṣẹ́ lórí sẹrotónìn àti èròjà mìíràn tó ń jẹ́ noradrenaline. Ìlànà ìtọ́jú tí àjọ NICE gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2018 dárúkọ sertraline àti venlafaxine. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má ṣe retí pé oògùn á pa ohun tó ṣẹlẹ̀ rẹ́ lọ́kàn yín. Ó ń dín ìpayà kù ni. Ìlànà méjèèjì yìí fi ìtọ́jú ìjíròrò ṣáájú oògùn fún ìpayà ẹ̀yìn ìjàǹbá: ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á jókòó tì yín, á sì bá yín padà díẹ̀díẹ̀ sínú ìrántí náà títí kò fi ní í lágbára lórí yín mọ́. Tí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, ẹ má ṣe fi oògùn rọ́pò rẹ̀. Fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú débi pé kò lè dìde lórí ibùsùn, oògùn lè jẹ́ ohun tó máa fún un lágbára láti dé ibi ìjíròrò náà.

Tí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́, kí ló ń jẹ́ kí dókítà mú ọ̀kan, kó fi ìyókù sílẹ̀? Irú ẹni tí ẹ jẹ́ ni. Orúkọ àìsàn nìkan kì í yan oògùn. Ara yín, iṣẹ́ yín, àpò yín àti oògùn mìíràn tí ẹ ń lò wà níbẹ̀. Ìdí tí dókítà fi ń béèrè oríṣiríṣi ìbéèrè nìyẹn.

Á kọ́kọ́ béèrè bóyá ìgbà kan wà rí tí ara yín yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀ tí kò rẹ̀ yín, tí ẹ ń náwó yàlàyàlà. Tó bá ti wà, ìrẹ̀wẹ̀sì yín lè jẹ́ irú èyí tí ọkàn fi ń ga tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, oògùn sẹrotónìn nìkan sì lè ru ú sókè. Ó tún lè ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kó máa rẹni bí ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì.

Á béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, torí venlafaxine lè gbé e sókè. Á bi àwọn obìnrin bóyá wọ́n lóyún tàbí wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú: àwọn dókítà máa ń yẹra fún paroxetine nínú oyún, sertraline ni wọ́n sábà máa ń yàn.

Á béèrè oògùn mìíràn tí ẹ ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Tramadol pamọ́. Tí òun àti oògùn sẹrotónìn bá pàdé, sẹrotónìn lè pọ̀ jù lára: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ni, iyè á dàrú, gìrì sì lè gbé ènìyàn. Oògùn ara ríro bí ibuprofen lè mú kí ikùn ṣẹ̀jẹ̀ tí a bá lò ó mọ́ oògùn sẹrotónìn. Ẹ sọ ti àgbo àti ti ọtí pẹ̀lú. Dókítà kò fẹ́ bá yín wí. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ara yín kó tó fi òmíràn kún un ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ. Awakọ̀ kan wà tí àwọn adigunjalè dá lọ́nà, aago márùn-ún ìdájí ló sì máa ń gbé ọkọ̀ jáde. Oògùn tó ń kunni lóorun lè gbé òun àti èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ sínú ewu, nítorí náà sertraline tí á máa lò láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ lè bá a mu jù. Ìyá àgbàlagbà kan tún wà tó ti rù, tí kò jẹun, tí kò sùn, tó sì jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni ìṣòro rẹ̀ tó ga jù. Dókítà lè ronú kan oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ mirtazapine lálẹ́ fún un, torí ó ń mú oorun wá, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ wuni. Bó ti wù kó rí, kí àwọn méjèèjì má ṣe pààrọ̀ oògùn fún ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ló máa ń kọ amitriptyline, torí ó ti pẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ènìyàn lẹ́nu, ó ń fa àìrígbẹ́yà, ó lè dí ìtọ̀ mọ́ àgbà ọkùnrin, kò sì dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Tí a bá lò ó ní àlòjù, ó lè pani. Fún ẹni tó ti ń ronú ikú, a kì í kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílé. Kí ẹlòmíràn máa tọ́jú rẹ̀ fún un.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni oògùn oorun: diazepam tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, àti bromazepam tí wọ́n ń pè ní Lexotan. Benzodiazepine ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n á dà bí ìdáhùn àdúrà. Kò ní í pẹ́ tí ọ̀kan kò fi ní í tó mọ́, tí yóò di méjì, tí yóò sì di bárakú. Wọn kì í wo ìpayà ẹ̀yìn ìjàǹbá sàn, wọ́n sì lè dí ìtọ́jú ìjíròrò lọ́wọ́. Ìlànà ọdún 2023 tí mo mẹ́nu bà sọ pé kí a má lò wọ́n fún àìsàn yìí. Tí ẹ bá ti ń lò wọ́n tipẹ́, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó lè fa gìrì. Dókítà ni kó bá yín dín in kù.

Tó bá jẹ́ àlá burúkú ló ń jí yín lóru, oògùn kan wà tó ń jẹ́ prazosin, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí ńlá kan láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jáde lọ́dún 2018, kò rí i pé ó dára ju oògùn ẹ̀tàn tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó ṣáájú rí i pé ó wúlò, àwọn dókítà kan sì ṣì ń kọ ọ́. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì, nítorí náà ẹ rọra máa dìde.

Ní ti bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ni à ń ti bẹ̀rẹ̀. Sertraline fún ìpayà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mìlígíráàmù 25 lójúmọ́, á di 50 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 200. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, èébì lè máa gbé yín, ẹ lè máa yàgbẹ́ gbuuru, orí lè fọ́, àníyàn náà lè pọ̀ sí i díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Ẹ fara dà á, torí àwọn àkóbá yìí sábà máa ń lọ kí ìwòsàn tó dé. Fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, kí ará ilé ṣọ́ wọn dáadáa ní àsìkò yìí, nítorí èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i. Tí èrò bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan.

Àkóbá kan wà tí kì í tètè lọ, tí ọ̀pọ̀ kì í sì í lè sọ: ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lè dín kù, ara sì lè má tètè dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti torí èyí dá oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́. Dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ fún oògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ìwọ̀n tó tó kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, dókítà á gbé òmíràn wá. Èkejì lè ṣe ohun tí àkọ́kọ́ kò ṣe. Tí ara bá yá, ẹ ṣì máa lò ó fún bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kí àìsàn náà má baà padà. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín in kù. Ẹni tó bá já paroxetine tàbí venlafaxine lójijì lè ní òòyì, èébì, àti nǹkan bíi iná tó ń ṣán nínú orí. Nítorí èyí, tí owó tàbí àìrí oògùn rà bá lè mú kí ẹ pa ọjọ́ jẹ, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Oògùn sẹrotónìn mìíràn tó ń jẹ́ fluoxetine máa ń pẹ́ lára ju àwọn yòókù lọ, ọjọ́ kan tí a gbàgbé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó wà fún irú ìtọ́jú yìí. Ní Àrò, ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn fi ń gbé láàárín abúlé tòun ti ìbátan rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wúlò títí dòní: ẹ mú ẹnì kan dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín lè rí ohun tí ẹ̀yin kò rí. Tí ẹ bá sì ń ra oògùn, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ nǹkan márùn-ún sínú ìwé: ohun tó ń dà yín láàmú jù, oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, àìsàn mìíràn tó wà lára yín, irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, àti iye tí ẹ lè ná lóṣù. Ẹ kà á fún dókítà bó ṣe wà. Kò sí hóró oògùn tó dára fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà lè wá èyí tó bá yín mu.