Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọgbà ère Brookgreen

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń fi ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú rìnrìn àjò, tí ẹ bá gba etíkun South Carolina kọjá, ẹ yà ní Murrells Inlet. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi ìpàgọ́ ní ọgbà ìjọba Huntington Beach. Títì US 17 ló wà láàárín ibẹ̀ àti Brookgreen.

Archer Huntington àti ìyàwó rẹ̀, Anna Hyatt Huntington, ló dá Brookgreen sílẹ̀ ní 1931. Anna fúnra rẹ̀ ló ṣe ère ẹṣin méjì tó ń jà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹwà púpọ̀!

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn jù. Oko ìrẹsì mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ṣán igbó inú ẹrẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ kòtò, tí wọ́n sì mọ ògiri erùpẹ̀ tó ń darí omi odò wọ oko. Agbára àti ìmọ̀ wọn ni àwọn olóko fi là. Àrọ́mọdọ́mọ wọn, àwọn Gullah Geechee, ṣì wà létíkun náà dòní. Lójú ọ̀nà Lowcountry Trail nínú ọgbà Brookgreen, ère irin mẹ́rin dúró: olóko, alámòójútó, ẹrúkùnrin àti ẹrúbìnrin.

Ọjọ́ méje léraléra ni tíkẹ́ẹ̀tì kan ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo ère ẹṣin nìkan kí ẹ padà. Ẹ rìn dé ibi oko ìrẹsì.