Ohùn Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Dá A Mọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi ọ̀rọ̀ sísọ mọ ọmọnìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bí ọmọ bá gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, ìyá rẹ̀ yóò ní, "O kú iṣẹ́." Bí ọmọ kan náà bá da ìkòkò ọbẹ̀ nù, ìyá náà tún lè ní, "O kú iṣẹ́ o!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò rò pé ìyìn ni èkejì. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni à ń pè ní ohùn ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ ni à ń wí. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni: ìfẹ́ ni tàbí ìbínú, ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀gàn, ìbànújẹ́ ni tàbí ìyangàn.

Bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀, a ń wo ojú rẹ̀. Ìwé kò ní ojú tí a lè wò. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ewì Lárúbáwá kan, síbẹ̀ kí ó ṣi ewì náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ìwé. Mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà.

1. Bí a ṣe pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí Súúrà Mariyama, áyà 42 sí 47. Al-Kùránì kì í ṣe ewì, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Balágà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa èdè Lárúbáwá. Níbẹ̀, Ànábì Ibrahim ń pe bàbá rẹ̀ tó jẹ́ abọ̀rìṣà sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó pè é ní "yaa abati", ìpè ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ láti ẹnu ọmọ. Nígbà tí bàbá yóò dáhùn, orúkọ lásán ni ó fi pe ọmọ. Kò pè é ní "yaa bunayya", ìpè ìkẹ́ tí Ànábì Nuhu, Ànábì Yaqub àti Luqman fi pe ọmọ tiwọn. Lẹ́yìn náà ló fi òkò halẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, sàlámà ni Ibrahim fi dá a lóhùn. Kí a tó dé ibi ìhalẹ̀ rárá, ìpè ti fi ọkàn àwọn méjèèjì hàn wá.

2. Irú ìbéèrè tí a béèrè. Bàbá tó bi ọmọ tó wọlé lóru pé, "Ṣé àsìkò tó yẹ kó o wọlé nìyí?" kò wá ẹni tí yóò sọ aago fún un. Ìbéèrè ìbáwí ni. Irú rẹ̀ ni Balágà ń pè ní istifhaam inkaarii, òun náà sì ni bàbá Ibrahim fi bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ tí a yàn àti èyí tí à ń tún sọ. Al-Khansa, obìnrin akéwì tó gba Ìsìláàmù láyé Ànábì, gbajúmọ̀ nítorí ewì ọ̀fọ̀ tó kọ fún Sakhr, arákùnrin rẹ̀ tó kú kí Al-Khansa tó gba Ìsìláàmù. Ó ń tún orúkọ Sakhr pè, ó sì ń bẹ ojú ara rẹ̀ pé kí ó má ṣe dá ẹkún dúró. Kò nílò kí ó sọ fún wa pé inú òun bàjẹ́.

4. Bóyá ọ̀rọ̀ bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu. Níbi púpọ̀ nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ tí a fi ń fúnni ní ìró ìdùnnú ni a lò fún ìyà àwọn aláìgbàgbọ́. Ẹ̀gàn ni èyí, tahakkum lórúkọ rẹ̀, bí "o kú iṣẹ́" tí ìyá sọ lórí ọbẹ̀ tó dànù. Ní ọdún 957, akéwì al-Mutanabbi dé ọ̀dọ̀ Kafur tó ń ṣàkóso Íjíbítì, ó ń retí ipò, ó sì ń yìn ín. Ipò náà kò bọ́ sí i. Ní 962 ó sá kúrò níbẹ̀, ó sì fi ewì bú Kafur. Àwọn onímọ̀ kan padà wo ewì ìyìn náà, wọ́n ní ẹ̀gàn ti fara pamọ́ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohùn lè máa fi èébú ki ènìyàn níbi ìwúyè, kí ó rò pé òun ń yìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìtumọ̀ tí à ń ṣe nílé-kéwú gan-an. Lárúbáwá lè fi "anta" kan ṣoṣo pe ọmọdé àti àgbà. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ yan "o" tàbí "ẹ". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ibrahim tí ó ní, "Bàbá mi, kí ló dé tí o fi ń bọ òrìṣà?" ti mú àwọn ọ̀rọ̀ náà wá, ó ti gbàgbé ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "Ẹ" ni ohùn "yaa abati" béèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ sókè, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló wà lọ́kàn rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ló fi hàn ọ́? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tí kò lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan pàtó, àbá ló ń dá. Ẹ tún lè mú lẹ́tà kan, kí ẹ ní kí ọmọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìpè inú rẹ̀, kí ó gbọ́ bí ohùn ṣe yí padà. Lẹ́tà ni kí ẹ lò o. A kì í fi ọ̀rọ̀ Al-Kùránì ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ yìí kọjá ti ìdánwò. Àwọn kan nínú yín ń ti ilé-kéwú dé tí wọn á máa fi ohùn líle bá òbí wí nítorí ìrun tàbí àṣà àtijọ́. Òtítọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohùn ti ba òtítọ́ jẹ́. Bàbá Ibrahim ń bọ òrìṣà, ó tún fẹ́ sọ ọmọ lókò. "Yaa abati" kò kúrò lẹ́nu ọmọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Kí Ọlọ́hun fi òye ọ̀rọ̀ yé wa, kí Ó sì tún ohùn wa ṣe. Àmín.